Láti Ọwọ́ Wọ́dà sí Ọwọ́ Nọ́ọ̀sì: Ìtọ́jú Aláìsàn Ọpọlọ ní Àrò, Abẹ́òkúta

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ, èyíinì ni iṣẹ́ olùtọ́jú tí ó gba ẹ̀kọ́ pàtó lórí àwọn àìsàn tí ń da ìrònú àti ìṣesí ènìyàn rú, kò kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwòsàn. Iṣẹ́ ìṣọ́ni ni ó bá dé. Ìjọba amúnisìn dá ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ ní Kàlàbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, wọ́n ṣí ti Yábàá ní 1907, wọ́n sì ṣe òfin ní 1916 tí ó fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ pé kí wọ́n ti aláìsàn mọ́lé, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni kí ìgboro parọ́rọ́. Nígbà tí Robert Cunyngham Brown, dókítà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1938, púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn wọ̀nyí ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n. Kódà Lántòrò ní Abẹ́òkúta, tí ó di ilé àwọn aláìsàn ọpọlọ ní 1944, ilé ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Wọ́dà ni ẹni tí ń mú kọ́kọ́rọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, orúkọ yòówù kí ìwé ìjọba fi pè é.

Ìyàtọ̀ dé ní 1954 láti ọwọ́ Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, tí ó sì gba ẹ̀kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ìwòsàn tí ìjọba ń kọ́ sí Àrò kò tíì parí nígbà náà, ṣùgbọ́n kàkà kí ó máa dúró de àwọn bíríkìlà, ó lọ bá àwọn ará abúlé tí ó yí ibẹ̀ ká, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba aláìsàn àti ìbátan rẹ̀ sílé, kí wọ́n sì máa gba owó ilé. Aláìsàn kò lè dá wá. Ó kéré tán, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, tí yóò sì mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán. Èyí ni àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé mọ̀ sí ètò abúlé Àrò.

Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa yin ọgbọ́n Lambo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ètò náà sọ nọ́ọ̀sì dà ni ó yẹ kí ó gba ojú ìwé jù. Nínú ọgbà olódi gíga, kọ́kọ́rọ́ ni agbára olùtọ́jú. Ní abúlé tí aláìsàn ti ń bá àwọn ọmọ onílé jókòó, ìmọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó kù fún un. Ó ní láti bi ìyá léèrè bóyá ọmọ rẹ̀ sùn mọ́jú, bóyá ó jẹun, bóyá ó ń dá sọ̀rọ̀. Ìyá yìí lè má ka ìwé kankan, síbẹ̀ òun ni ó mọ irú ẹni tí ọmọ náà jẹ́ kí àìsàn tó dé, láìsí ẹ̀rí rẹ̀, nọ́ọ̀sì kò ní ohun tí yóò fi díwọ̀n bóyá ara ti ń yá.

Àkíyèsí ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà títí di òní. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni dókítà fi ń rí aláìsàn, nọ́ọ̀sì a sì máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀. Òun ni yóò rí ẹni tí ó fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Òun ni yóò fura nígbà tí ẹni tí ìbànújẹ́ ti dè mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá ṣàdédé túraká, tí ó sì ń pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí irú ìtúraká bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì pé ó ti pinnu láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ní ti schizophrenia, àìsàn tí ó lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kí ó sì di ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ mú bí òtítọ́, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ bá aláìsàn jiyàn lórí ohùn náà, kò sì gbọdọ̀ díbọ́n pé òun náà ń gbọ́ ọ. Yóò sọ fún un pé òun kò gbọ́ ohun kankan, ṣùgbọ́n òun rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Gbólóhùn kékeré ni, àmọ́ kò rọrùn láti sọ ní agogo mẹ́ta òru.

Oògùn pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Haloperidol, tí wọ́n ń lò fún irú àìsàn yìí, lè mú kí ọrùn aláìsàn gan, kí ojú rẹ̀ sì yí sókè, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ìdílé tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ fún yóò ní ayé ti tún dojú kọ ọmọ àwọn, tàbí pé májèlé ni ilé ìwòsàn fún un, wọn yóò sì gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ kan lè mú gígan náà rọ̀, ṣùgbọ́n àlàyé tí nọ́ọ̀sì ti ṣe sílẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ, ọ̀rọ̀ sì gba ìṣọ́ra níhìn-ín. Lambo gba àwọn oníṣègùn mọ́ra nínú iṣẹ́ rẹ̀. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Àrò, sì kọ̀wé nípa asofẹ́yẹje, igi tí wọ́n fi ń ṣe àgbo fún wèrè nílẹ̀ Yorùbá. Reserpine wà nínú igi yìí, èròjà tí àwọn onímọ̀ yọ lára irú rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà ní 1952, tí ń mú ara rọlẹ̀, tí ó sì ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Aláìsàn tí ó mu àgbo yìí lánàá, tí ó sì gba abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn lónìí, lè ṣubú lulẹ̀ bí ó bá dìde lójijì. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ń fi àgbo ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu ìdílé láé. Ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹgba tí àwọn oníṣègùn kan ń lò fún aláìsàn ni kò ní àwíjàre kankan.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 gba ipò òfin àtijọ́, ó sì ka aláìsàn sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́. Èyí dára, àmọ́ òfin kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ yá tó láti padà sílé ni ó nílò abẹ́rẹ́ tí oògùn inú rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀ sínú ara fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí owó ọkọ̀ bá sì ti wọ́n jù fún un láti wá gbà á, kò ní pẹ́ tí àìsàn yóò fi padà. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ì bá máa lọ bá a nílé náà sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí irú ìṣòro yìí ni ètò tí Àrò bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2011 fi ṣe pàtàkì, níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé láti dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nítòsí ilé aláìsàn. Ohun tí ó kù láti mú padà nínú ètò 1954 ni ìbátan tí kò gbọdọ̀ má wá, nítorí pé lónìí ìdílé lè fi ènìyàn wọn sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n sì pààrọ̀ nọ́ḿbà fóònù, tí nọ́ọ̀sì yóò sì wá di ẹni tí ń wá ará ilé kiri. Kí wọ́n tó gba aláìsàn wọlé ni ó yẹ kí ìbátan kan ti fi orúkọ sílẹ̀ pé òun yóò máa wá gbọ́ àlàyé oògùn, pé òun náà ni yóò sì wá mú un lọ sílé.