Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́: Ohun tí ọmọṣẹ́ wẹ́dà l'Abidjan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nípa TIG



Ẹ wo ọmọṣẹ́ kan tó ti ń jó irin fún ọdún mẹ́ta. Ó mọ géètì í ṣe, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń so páìpù mọ́ra wọn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé pánù alumíníọ̀mù síwájú rẹ̀, ó gbé iná lé e, ó ń dúró kó pọ́n bí irin ṣe máa ń pọ́n. Kò pọ́n. Ó tún dúró díẹ̀ sí i. Lójijì, àárín pánù náà yọ́ dànù, ihò ló kù.

Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Irin ló kọ́ ojú rẹ̀ láti máa wo àwọ̀ iná, alumíníọ̀mù kì í sì í pọ́n kó tó yọ́. Ìkìlọ̀ tí irin máa ń fún èèyàn, alumíníọ̀mù kò ní i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ irin í jó dáadáa fi gbọ́dọ̀ gbà láti tún di ọmọṣẹ́ tuntun.

Kí ni Abidjan fẹ́ fi alumíníọ̀mù ṣe?

Etí omi ni Abidjan wà. Ọ̀sà Ébrié wọ inú ìlú náà, ọ̀nà omi Vridi tí wọ́n ṣí lọ́dún 1950 ló sì so ọ̀sà náà pọ̀ mọ́ òkun, tí ọkọ̀ òkun fi ń wọ èbúté. Atẹ́gùn oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti òkun máa ń jẹ irin. Alumíníọ̀mù kì í dípẹtà bí irin, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n irin lọ. Ara ọkọ̀ ojú omi, táńkì ọkọ̀ akẹ́rù àti rédíétọ̀ ọkọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa ń fi ṣe.

Àwọn Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Anàgó níbẹ̀, ti pẹ́ ní ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì ní ìgboro Èjìgbò fúnra rẹ̀. Ọjà títà ni àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ wọn jù, ní Treichville àti Adjamé. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ọlọ́jà ló máa jókòó ti ìsọ̀. Fún èyí tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ iná, fífi TIG jó alumíníọ̀mù jẹ́ iṣẹ́ tí kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló mọ̀ ọ́n.

Kí ọmọṣẹ́ má ṣe ṣi iṣẹ́ mú o. Ẹni tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù kì í sábà jó o, ìdè ló fi ń so ó pọ̀. Àwọn tó ń ṣe ìkòkò alumíníọ̀mù ní Ṣakí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ńṣe ni wọ́n ń yọ́ ọ pátápátá, tí wọ́n sì ń dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti tẹ àwòrán ìkòkò sí. Ti wẹ́dà TIG yàtọ̀. Etí méjì ni yóò yọ́, tí yóò sọ di ọ̀kan, láìjẹ́ kí ìyókù yọ́.

Aṣọ tó le ju ara lọ

Alumíníọ̀mù máa ń wọ aṣọ kan tí ojú lásán kò rí. Bí atẹ́gùn bá ti kàn án báyìí, awọ tín-ín-rín kan á bò ó lójú. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kó dípẹtà. Òun kan náà ni ọ̀tá wẹ́dà.

Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ máa ń yọ́ bí ooru bá dé 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Awọ ara rẹ̀ kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 2,000. Nítorí náà, inú á ti di omi nígbà tí òde ṣì le. Ó dà bí omi inú ọ̀rá: bí ọ̀rá bá fi lè bẹ́, gbogbo rẹ̀ á dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irú ìṣòro báyìí ló bí TIG. Lọ́dún 1941, Russell Meredith, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàálù Northrop ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀pá tungsten àti gáàsì helium láti fi jó magnesium, ohun èlò bàálù tó tún fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù lọ. Argon ni ọ̀pọ̀ wẹ́dà ń lò dípò helium lónìí. Tungsten kì í yọ́ títí ooru á fi kọjá 3,400, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé iná dání. Iṣẹ́ argon ni láti bo ibi tó ń yọ́, kí atẹ́gùn má bàa kàn án.

Fún alumíníọ̀mù, iná AC, èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, ni wọ́n sábà máa ń lò. Bó bá lọ sí apá kan, á bó awọ yẹn kúrò. Bó bá padà, á gbé ooru wọnú iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wò ó bóyá AC/DC ni wọ́n kọ sí i lára kó tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ TIG olówó pọ́ọ́kú kò ní ju DC lọ. Irin àti stainless ni wọ́n wà fún.

Báwo ni ọmọṣẹ́ ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ìmọ́tótó ló ṣáájú. Fi acetone nu epo kúrò lára pánù náà, jẹ́ kó gbẹ, gbé acetone jìnnà sí iná. Lẹ́yìn náà, fi búrọ́ọ̀ṣì stainless tí kò kan irin rí ha ojú rẹ̀. Má ṣe fi èyí tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì ọkọ̀ dípò acetone: àwọn tó bá ní chlorine nínú lè di gáàsì olóró bí iná wẹ́dà bá kàn wọ́n, gáàsì náà sì lè pa èèyàn.

Pánù tó nípọn tó mílímítà 3 dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Tungsten oní mílímítà 2.4 tó o, pẹ̀lú iná bí 120 ampere àti argon bíi lítà 8 sí 10 ní ìṣẹ́jú kan. Jẹ́ kí ẹnu tungsten fi bíi mílímítà 3 jìnnà sí iṣẹ́. Bó bá fi kan iṣẹ́ pẹ́nrẹ́n, dá iná dúró, kí o tún un lọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, má mú ọ̀pá àfikún dání rárá. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ni kí o gbé, kí o máa wo ojú ibi tí iná ń bà. Kò ní pọ́n, àmọ́ á yí padà: á kúrò ní ṣíṣú, á máa dán bíi dígí. Dídán yẹn ni èdè alumíníọ̀mù. Bó bá ti dán, sún síwájú. Ẹni tó bá dúró wò ó, ihò ló máa rí.

Bí ojú bá ti mọ dídán yẹn, ọwọ́ kejì lè wá mú ọ̀pá àfikún tí wọ́n kọ 4043 tàbí 5356 sí lára. Tọ̀ ọ́ sí etí omi náà, fà á sẹ́yìn díẹ̀, má sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ argon. Ẹsẹ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí pẹ́dàlì. Alumíníọ̀mù máa ń gbé ooru kiri ju irin lọ, ìbẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ iná púpọ̀, àmọ́ bí o bá dé àárín, gbogbo pánù ti gbóná, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dín iná kù. Àwọn àgbà ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Irú sùúrù yẹn ni iṣẹ́ yìí ń bèèrè.

Ọ̀rinrin, fáànù àti ojú

Ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Abidjan. Inú omi ni hydrogen ti ń wá, alumíníọ̀mù tó ti yọ́ sì máa ń mu hydrogen gan-an. Bó bá ń dì padà, kò lè gbà á mọ́ra mọ́, gáàsì náà á sì di ihò wínníwínní sínú ojú ìjó. Tọ́jú ọ̀pá àfikún síbi tó gbẹ, má sì jó pánù tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀.

Ooru á máa mú ọmọṣẹ́, á fẹ́ tan fáànù. Bí fáànù bá fẹ́ lu iṣẹ́, á gbá argon lọ. Síbẹ̀, má ti gbogbo ilẹ̀kùn. Argon wúwo ju atẹ́gùn lọ, ó sì lè gba ibi tí èèmí wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú táńkì tàbí inú ọkọ̀ ojú omi. Jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé, àmọ́ kó má kọjú sí iṣẹ́.

Alumíníọ̀mù máa ń dán iná padà sára èèyàn. Ẹni tí kò bo ojú lè máà mọ nǹkan kan lọ́sàn-án. Lóru, ojú á máa ta á bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú kì í ṣe afẹ́. Lọ́dún 2017 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka èéfín wẹ́dà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni táńkì epo tó ṣófo kò ṣófo tán. Òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ lè bú gbàmù. Ọmọṣẹ́ tí wọ́n bá gbé e fún lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun kò ní jó o.

Ohun tí oníbàárà kò lè rí

Ojú ìjó TIG lè lẹ́wà bí owó ẹyọ tí wọ́n tò léra, kí inú rẹ̀ sì kún fún ihò. Oníbàárà kò ní mọ̀. Ẹni tó máa wọ ọkọ̀ náà lórí ọ̀sà kò ní mọ̀.

Nítorí náà, kí ọmọṣẹ́ máa gé iṣẹ́ ìdánrawò rẹ̀ sí méjì, kó wo inú rẹ̀. Kó tẹ èyí tó kù títí á fi kán tàbí tí kò ní kán. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò, kí iṣẹ́ kọ́kọ́ tutù, kó fi ṣọ́ọ̀kì kun ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì fi kẹrosíìnì pa ojú rẹ̀. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti tutù, ihò wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún ọmọ, ẹ má wo òde iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Ẹ ní kó gé e lójú yín.