Ẹ Wo Nọ́ńbà Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣàngó, Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu mi. Tòní náà, owó oṣù ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà jáde lápò wa ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀kan nínú wa, awakọ̀ ni, ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó ń múra ìdánwò JAMB. Lọ́jọ́ kan íntánẹ́ẹ̀tì kò wọlé mọ́. Ẹni tí ó gbé e lọ bá ní ohun tí ń gba Wi-Fi nínú rẹ̀ ti kú, kí ó san owó òmíràn. Owó náà ju ohun tí ó ń mú wálé lọ́sẹ̀ kan lọ. Kò sí ohun tó kú. Nígbà tí wọ́n pa ráútà ilé tí wọ́n sì tún un tàn, ohun gbogbo padà bọ̀ sípò. Àwọn atúnṣe gidi wà ní agbègbè Pólì àti Ṣàngó wa níbí, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ohun tó bàjẹ́, iye tí wọ́n bá pè ni yóò san.

Gbogbo ohun tó bá fẹ́ lo íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, tí wọ́n ń pè ní àdírẹ́sì IP. Èyí tí a máa ń rí jù jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin tí àmì tó-tò-tó pín níyà, tí ọ̀kankan wọn kò lè ju 255 lọ. Ẹ rántí nọ́ńbà káàdì tí a fi ń wọlé ní géètì iléeṣẹ́. Ráútà ni akọ̀wé géètì: bí kọ̀ǹpútà bá dé, á béèrè nọ́ńbà, ráútà á fún un ní ọ̀kan lò fún ìgbà díẹ̀.

Nọ́ńbà 25 wà ní iléeṣẹ́ tiwa, ó wà ní ti aládùúgbò wa, wọn kò sì figagbága. Bẹ́ẹ̀ náà ni 192.168 ṣe wà nílé mi tó tún wà nílé yín. Irú nọ́ńbà yìí tó wà fún gbogbo ayé kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò sì tó. Ìdí nìyẹn tí ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 1996 fi ya 192.168 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún inú ilé. Èyí tí ará ìta ń rí yàtọ̀. AFRINIC ní erékùṣù Mauritius ló ń pín in fún Áfíríkà.

Ó yá, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ní àwòrán Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ẹ kọ ipconfig, ẹ tún tẹ Enter. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ IPv4 Address sí.

Bí ẹ bá rí 169.254 níbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà ké pe ráútà títí, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Ó dà bí òṣìṣẹ́ tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára aṣọ rẹ̀: ìwé owó oṣù kò mọ̀ ọ́n. Àárín kọ̀ǹpútà àti ráútà ni àìsàn wà. Ẹ pa ráútà, ẹ ka 30 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ tàn án, ẹ dúró kí àwọn iná rẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ẹ kọ ipconfig /release, lẹ́yìn náà ipconfig /renew. Bí kò bá ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ẹ fi fóònù gbìyànjú Wi-Fi kan náà. Bí fóònù náà kò bá wọlé, ẹ fi kọ̀ǹpútà ọlọ́mọ sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí 192.168, tàbí 172.20.10 bó bá jẹ́ iPhone ni ẹ fi ń pín dátà, kọ̀ǹpútà ti gba káàdì. Ẹ wo nọ́ńbà iwájú Default Gateway, ráútà fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ẹ kọ ping, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà náà. Bí ó bá dáhùn, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 8.8.8.8, tí í ṣe ti Google. Bí ráútà bá dáhùn tí Google kò dáhùn, ìta ni wàhálà wà. Ẹ wò ó bóyá dátà ti tán. Ní March 14, 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dàrú ní Nàìjíríà àti àwọn ìlú mìíràn, títí kan iṣẹ́ báńkì. Lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá fi tọnafáísì tún un ṣe ní Ṣàngó?

Bí Google bá dáhùn ṣùgbọ́n tí ojú ewé kò ṣí, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago kọ̀ǹpútà. Àwọn tòkunbọ̀ onítábìlì máa ń ní bátìrì róbótó kan bíi owó kọ́bọ̀, CR2032. Bó bá ti kú, gbàrà tí NEPA bá mú iná lọ ni ọjọ́ á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ojú ewé á sì kọ̀ láti ṣí. Bátìrì yẹn kò wọ́n rárá.

Bí gbogbo rẹ̀ kò bá yanjú, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ rí sínú ìwé kí ẹ mú un dání lọ bá atúnṣe. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ipconfig wò, kí ó dúró lẹ́yìn ìpàdé.