Ọwọ́ tí a ń yọ díẹ̀díẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Festac Town)

 Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ti parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ.

Àwa òbí tí ọmọ wa ń pẹ́ kí ó tó mọ nǹkan ṣe, yálà nítorí ọ́tísíìmù tàbí ohun mìíràn, a kì í sábà sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ní Festac Town yìí, tí ìjọba kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún 1977, àti káàkiri Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ẹ̀yìn ògiri yín ni à ń gbé. Ohun tí ń bà wá lẹ́rù kò ju ọ̀kan lọ: ta ni yóò máa wẹ̀ fún ọmọ yìí nígbà tí a kò bá sí mọ́?

Ọmọ ọdún méje ni tiwa. Ọdún kan gbáko ni a fi ń ké sí i pé, “Ṣí omi! Mú ọṣẹ! Fọ ọwọ́!” Bí a bá dákẹ́, á dúró bí òpó iná, á máa wo ẹnu wa. Àṣé igbe wa ti di ara ọwọ́ fífọ̀ lójú tirẹ̀!

Olùkọ́ kan ni ó là wá lójú. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu ṣòro láti mú kúrò. Ọwọ́ ni ó ṣeé yọ díẹ̀díẹ̀. A wá ń dúró lẹ́yìn ọmọ, a pa ẹnu mọ́, a gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, a jọ ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí ó yá, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a ń dì mú, lẹ́yìn náà ìgúnpá, lẹ́yìn náà a kàn ń na ìka sí ọṣẹ. Bí ẹ ti ń tú ọwọ́ ọmọ tí ń kọ́ ìrìn sílẹ̀ náà ni. Kí a tó ràn án lọ́wọ́, a ń ka ení dé àrún nínú ikùn wa. Èyí nira jù, pàápàá bí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé bá ń fun fèrè lójú títì! Ohun tí ó bá dá ṣe ni a ń yìn jù. Bí ó bá ṣìṣe léraléra, a ó padà sí ìgúnpá, a kì í padà sí igbe.

Ìyá àgbà ilé wa kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní ìkà ni kí a máa wo ọmọ níran. Àánú wọn sì ń ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ láàárín ọjọ́ kan. A bẹ̀ wọ́n títí. Ọjọ́ tí ọmọ dá fọ ọwọ́, tí ó sì pa omi láìsí ẹni tí ó sọ̀rọ̀, àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Búrẹ́dì rírà ni ó kàn. Bí ẹ bá rí i ní ìsọ̀ yín, tí ó di owó mú tí kò sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà dé àrún.