Ìgbà Mélòó Ni Ó Yẹ Kí A Yẹ Omi Ẹja Wò?

Àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ nínú àmù símẹ́ǹtì tàbí nínú tapólì ti pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lóde òní. Oúnjẹ ẹja ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ náà lọ, nítorí náà ojú olówó kì í kúrò lára àpò oúnjẹ. Omi ni kò kà sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe é ṣe kí ẹja oṣù mẹ́rin léfòó lójú omi ní òru ọjọ́ kan, kí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ sì bá a lọ.

Àrọ̀ fúnra rẹ̀ a máa tan olówó rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ó bá dàgbà, a máa yọ orí sókè láti mí afẹ́fẹ́ òde, èyí ni àwọn ènìyàn fi ń wí pé kò sí omi tí kò lè gbé. Ṣùgbọ́n mímí afẹ́fẹ́ kò gbà á lọ́wọ́ oró tí ń bẹ nínú omi. Ẹja ń tú amóníà jáde láti ibi tí ó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, oúnjẹ tí ó ṣẹ́kù tí ó rà sì ń dá kún un. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé ara ògiri àmù, ni wọ́n ń sọ amóníà yìí di náítíráìtì, tí òun náà ní oró; àwọn mìíràn a sì sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu.

Nínú àmù tuntun, àwọn kòkòrò rere wọ̀nyí kò tí ì pọ̀. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó gbilẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ojoojúmọ́ ni ó yẹ kí a yẹ amóníà àti náítíráìtì wò. Lẹ́yìn èyí, bí ìwọ̀n méjèèjì bá ti wà nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ẹni tí ó bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri àmù mọ́ tónítóní ti lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí ó padà sí ojoojúmọ́.

A kì í wọn amóníà nìkan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. A gbọ́dọ̀ wọn bí omi ti kan tó pẹ̀lú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní pH. Bí pH bá jẹ́ 7, èyí tí ó ní oró gan-an kò pé ìpín 1 nínú 100 amóníà náà. Bí ó bá di 9, ó lé ní 30 nínú 100. Nínú omi tí ó ti di aláwọ̀ ewé, pH a máa ga ní ọ̀sán nítorí oòrùn, ọ́síjìn a sì máa dín kù ní òru títí di ìdájí. Nítorí náà, ẹni tí ń yẹ omi wò ní àárọ̀ nìkan lè wí pé àlàáfíà ni, nígbà tí ewu ń bọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìdájí ni kí ó wọn ọ́síjìn, ìrọ̀lẹ́ ni kí ó wọn pH àti amóníà. Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn yìí kan àwọn ọmọ àrọ̀ wẹ́wẹ́ jù, nítorí wọn kò tí ì lè mí afẹ́fẹ́ òde.

Àwọn tí ń fi gíláàsì sin ẹja òkun ní iṣẹ́ kan sí i. Omi òkun ní iyọ̀ bí gíráàmù 35 nínú lítà kan. Bí omi bá ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wọn iyọ̀, omi tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n sì fi ń dí èyí tí ó gbẹ.

Bí ẹja bá kọ oúnjẹ, bí ọ̀kan bá kú, bí a bá kó ẹja tuntun wọlé tàbí bí a bá lo oògùn, kí a yẹ omi wò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí amóníà bá ga, kí a dá oúnjẹ dúró, kí a sì pààrọ̀ bí ìdámẹ́rin omi. Omi ẹ̀rọ tí ó ní kúlórínì ní láti kọ́kọ́ wà ní gbangba fún ọjọ́ kan.

Kí a kọ iye tí a rí sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kí a sì wo ọjọ́ tí a kọ sára ìgò oògùn ìdánwò kí a tó rà á, nítorí èyí tí ó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ lè fi àwọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ hàn.