Aràn Gbòǹgbò àti Àwọn Ọdẹ Inú Ilẹ̀

Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti yọ ọmọ bá wó tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lóru ọjọ́ òjò, afẹ́fẹ́ la máa ń dá lẹ́bi. Ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ wò ná. Bó bá pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí tó dúdú, aràn ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́; afẹ́fẹ́ kàn wá parí iṣẹ́ ni. Aràn yìí, nematode, kò gùn tó mìlímítà kan. Radopholus similis àti Pratylenchus coffeae wà lára àwọn tó ń pa ọ̀gẹ̀dẹ̀. Meloidogyne ló ń sọ gbòǹgbò ìbẹ́pẹ àti tòmátì di kókó-kókó.

Nílẹ̀ òkèèrè, oògùn DBCP ni wọ́n gbójú lé nígbà kan. Ó pa aràn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní 1977, wọ́n rí i ní California pé ó ti sọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń pò ó di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Costa Rica náà jẹ nínú ìyà yẹn. Èso wo ló tó ohun tí à ń fi ọmọ bíbí rà?

Ọ̀nà mìíràn wà, Ìbàdàn níbí sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn àgbà rántí kòkòrò funfun tó fẹ́ pa ẹ̀gẹ́ run. Ní 1981, IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tú agbọ́n tíńtín kan tí wọ́n mú wá láti Paraguay sílẹ̀. Agbọ́n náà ń fò láti oko dé oko, ó ń yé sínú kòkòrò yẹn, àgbẹ̀ kò sì ná kọ́bọ̀.

Aràn gbòǹgbò náà ní ọdẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọdẹ inú ilẹ̀ kì í fò. Pasteuria penetrans, bakitéríà kan tí ojú lásán kò lè rí, yóò wà nínú erùpẹ̀ títí Meloidogyne yóò fi fara kàn án. Yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára, yóò bá a wọ gbòǹgbò. Nígbà tó bá yẹ kí aràn náà máa yé ẹyin, irú-ọmọ ọdẹ yìí, tó lè tó mílíọ̀nù méjì, ni yóò kún inú rẹ̀ bámú. Títí dòní ni ó ń yà mí lẹ́nu! Ehu kan sì wà, Purpureocillium lilacinum, tó jẹ́ pé ẹyin aràn gan-an ló ń jẹ. Peru ni wọ́n ti ṣàwárí iṣẹ́ rẹ̀ yìí ní 1979.

Nítorí pé wọn kì í fò, ọwọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìtọ́jú wọn wà. Iná tí à ń sun lójú oko ń jó ohun tí ilẹ̀ ìbá fi bọ́ wọn. Ẹ kó ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà àti ewé gbígbẹ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀: ó ń ni aràn lára, ó sì ń sọ ọdẹ di púpọ̀. Kò yá bí oògùn. Ẹ ní sùúrù fún un.

Inú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni aràn ń gbà wọ oko tuntun. Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ bẹ gbogbo gbòǹgbò àti ibi tó dúdú kúrò nídìí rẹ̀, kí ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, bí IITA ti ń kọ́ni. Ẹ má da èèpo rẹ̀ sójú oko. Bí aládùúgbò bá sì wá tọrọ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ gé gbòǹgbò ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wò lójú rẹ̀ kí ẹ tó hú ọmọ náà fún un.