Ẹ Jẹ́ Ká Kó Ìtàn Wa Jọ: Ọ̀rọ̀ Alága Níbi Ìpàdé Ọdọọdún

  

Akọ̀wé àti akápò ti sọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ tèmi lónìí dá lórí àwọn ènìyàn tó ń dá kó ìtàn jọ, tí ìjọba kò rán wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún wọn.

Èmi kò lọ sí iléèwé gíga. Ìwé tí mo mọ̀, ìdí ọjà ni mo ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ìsọ̀ lálẹ́, àwọn ọmọ mi a máa fi ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì hàn mí. Láàárín ìròyìn àti bọ́ọ̀lù tó kún ibẹ̀, a máa ń bá ojú-ìwé kéékèèké pàdé, tí ẹnì kan ṣoṣo dá sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ràn nǹkan kan: àwo orin àtijọ́, fọ́tò àtijọ́, ìtàn ìlú bàbá rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà níbí. Olórin kan, Ata Kak, ọmọ Gánà tó ń gbé Kánádà nígbà náà, ṣe kásẹ́ẹ̀tì Obaa Sima ní 1994. Díẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde, kò sì tà. Ní 2002, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Brian Shimkovitz, ra ọ̀kan ní Cape Coast. Ní 2006 ó dá ojú-ìwé tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Awesome Tapes from Africa, ó sì fi orin náà síbẹ̀. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wá olórin náà kó tó rí i. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe jáde ní 2015, téèpù ti olórin fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní Cape Coast yẹn ló yọ wọ́n. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ ṣàkíyèsí: ọjà tí kò tà lánàá ni àwọn ènìyàn ń wá kiri lónìí, torí pé ẹnì kan kò dà á nù.

Ní ilé wa náà, Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ YorubaName ní 2015, láti kó orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn jọ. Ó wúlò fún àwọn ọmọ wa tó ń jẹ́ Kofi ní iléèwé, tó ń jẹ́ Adéwálé nílé, tí wọn kò sì mọ ohun tí Adéwálé ń sọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn ìwé tó ṣẹ́kù tún un kọ, ó sì jáde ní 1921. Ká ní kò sí àwọn ìwé tó ṣẹ́kù yẹn ńkọ́?

Ó wá kan àwa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìgbòho fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ní 1983 Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, àpò Ghana-must-go sì di olókìkí káàkiri. Àpò ní orúkọ. Ta ló kọ orúkọ àwọn ìyá wa tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ ní 1969? Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti lé ní àádọ́rin báyìí. Bí a bá ń fi dọ́la, a lè má bá wọn mọ́.

Àwọn kan ní kí a má tú egbò tó ti jinná. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Kì í ṣe láti bá onílé jà ni a fẹ́ kọ ọ́; a jọ ń jẹ, a jọ ń mu, a sì ti di àna ara wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ibi tí òjò ti pa bàbá rẹ̀ kò ní mọ ibi tó yẹ kó ta àtíbàbà sí.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ilé kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò àti ìwé àtijọ́ wá kí a ya àwòrán wọn, kí ẹ sì gbé tiyín padà lọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọrọ àyè. Ìkẹta, kí a má fi gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Ẹgbàágbèje ojú-ìwé àdáni ló wà lórí GeoCities. Ní 2009 Yahoo tì í pa ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ sì parẹ́. Kí a fi sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ọdọọdún yìí, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àróbá. Àróbá ni baba ìtàn. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí àwọn aláròóbá wa sí títí a ó fi gbọ́ ọ tán.