Katakata Àtijọ́: Epo Ni Tàbí Àkókò Iná?



Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti orí àga ìwàásù. Ti katakata ni, ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀ tí wọ́n sì fi ń fa ẹrù. Irú èyí tí mo mọ̀ ni Ferguson TE20, tí a ṣe ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1946 títí di 1956. Iye tí a ṣe lé ní 500,000. Irú rẹ̀ ni Edmund Hillary, ará New Zealand, gùn lórí yìnyín dé ìpẹ̀kun ayé ní ìhà gúúsù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1958.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ ní ìgbèríko kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aládùúgbò mi kan tí í ṣe àgbẹ̀ ní ọ̀kan, èyí tí ń lo bẹntiróòlù. Ó ti gé koríko tí màlúù rẹ̀ yóò jẹ nígbà òtútù, ó ti sá a sílẹ̀ nínú pápá, ojú ọ̀run sì ń ṣú bọ̀. Katakata náà a máa ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a sì kú. Bàbá náà gbà pé àkókò iná ni ó yẹ̀. Ó tú ìdè disitíríbútọ̀, èyí tí ń pín iná fún àwọn pílọ́ọ̀gì, ó yí i díẹ̀, ó fi irin yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì sì jí! Ó dá a lójú pé òun ti rí àrùn náà. Nígbà tí ó tún kú, ó tún yí i. Ní ìgbà kẹrin, irin ọwọ́ rẹ̀ ta padà lójijì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì rọ́.

Kì í ṣe ọgbọ́n mi ni ó tú àṣírí ọ̀ràn náà. Mo ṣí ìdérí táǹkì láti wò bóyá epo ṣẹ́kù, mo sì gbọ́ tí táǹkì náà fa afẹ́fẹ́ sínú fíì. Táǹkì wà lókè ẹ́ńjìnnì, epo sì ń ti inú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sí kábúrétọ̀. Bí epo ti ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀ láti inú ihò tín-ín-rín kan lára ìdérí náà. Eruku ti dí ihò yìí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ agolo wàrà tí a lu ní ihò kan ṣoṣo: wàrà kì í fẹ́ jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, afẹ́fẹ́ a rọra yọ́ wọlé, epo a sì tún ṣàn. Ìsinmi náà ni ó ń jí i, kì í ṣe yíyí tí bàbá ń yí disitíríbútọ̀.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àkókò iná, kí ó wo epo ná. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí iná má sí nítòsí, kí ó tú ọ̀pá epo kúrò lára kábúrétọ̀, kí ó sì jẹ́ kí epo ṣàn sínú agolo. Kí ó fi sùúrù wò ó, nítorí ọ̀pọ̀ a máa ṣàn dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń dín kù, kí ó ṣí ìdérí táǹkì. Bí ó bá tún tú jáde, ọ̀ràn di mímọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó wo asẹ́. Bí omi bá wà nínú epo, yóò sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agolo.

Ṣùgbọ́n nísinsìnyí bàbá ti ba àkókò iná jẹ́ ní tòótọ́. Iná gbọ́dọ̀ ta nígbà tí písítìnì bá kù díẹ̀ kí ó dé òkè. Bí ó bá yá jù, a ti písítìnì padà, èyí ni ó sì rọ́ bàbá lọ́wọ́. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì a gbóná, kò sì ní lágbára. A kọ́kọ́ tún àlàfo pọ́ìǹtì inú disitíríbútọ̀ ṣe, nítorí bí àlàfo bá fẹ̀ jù, iná a yá. Bí ó bá há jù, iná a pẹ́. A yọ pílọ́ọ̀gì kìíní, èyí tó sún mọ́ rédíétọ̀, mo fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, bàbá sì fi ọwọ́ òsì rọra yí ẹ́ńjìnnì. Písítìnì a máa dé òkè lẹ́ẹ̀mejì kí iná rẹ̀ tó ta lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá ti àtàǹpàkò ni a ń wá. Nígbà tí àmì bá àmì mu, a yí disitíríbútọ̀ títí pọ́ìǹtì fi bẹ̀rẹ̀ sí í là, a sì dè é. Wáyà àwọn pílọ́ọ̀gì tẹ̀lé ara wọn báyìí: 1, 3, 4, 2.

Èmi ni mo yí irin lọ́tẹ̀ yìí. Mo kó àtàǹpàkò pọ̀ mọ́ àwọn ìka yòókù ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí irin má bàa ká a mọ́lẹ̀ bí ó bá ta padà, mo sì fà á sókè. Ó jí ní ìgbà kejì. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyàwó bàbá ni a fi la ihò ìdérí náà. Ìdajì koríko wọ abà kí òjò tó dé. Ìdajì yòókù rẹ, ó sì di ohun tí màlúù ń sùn lé.